Àrokò Inú Ẹ̀jẹ̀: Bí Àwọn Ọmọ-Ogun Ara Ṣe Ń Mọ Ojú Egbò

Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí dá lé

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó ṣàlàyé ohun kan tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara gbogbo wa, ṣùgbọ́n tí ojú lásán kò lè rí. Ohun náà ni bí àwọn ọmọ-ogun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa ṣe ń mọ ibi tí kòkòrò àrùn gbà wọlé, àti bí wọ́n ṣe ń gba ara ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ jáde láti lọ bá a jà. Nígbà tí ẹ bá kà á tán, ó yẹ kí ẹ lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí:

1. Kí ni ó ń mú kí ojú egbò wú, kí ó pọ́n, kí ó gbóná, kí ó sì máa dunni?
2. Kí ni ó yẹ kí a ṣe, kí ni kò sì yẹ kí a ṣe, sí egbò àti sí ìwọ́ ọmọ tuntun?
3. Àwọn àmì wo ni ó ń fi hàn pé ọ̀ràn ti kọjá ohun tí a lè tọ́jú nílé?

Ẹ̀gún kan ní ọ̀nà oko

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ bẹ̀rẹ̀. Ká ní ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tẹ ẹ̀gún mọ́lẹ̀ nígbà tí ó ń ti oko bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ̀ yọ ẹ̀gún náà, ó sì rò pé ó ti parí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ọmọ ti wú. Ojú ibẹ̀ pọ́n, ó sì gbóná, ọmọ kò sì lè fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú: ṣé kí n fi omi gbígbóná jó o ni? Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè jáde? Àbí kí n lọ ra oògùn tí yóò mú kí wíwú náà rọlẹ̀ kíákíá?

Kí ìyá yìí tó lè yan èyí tí ó tọ́, ó yẹ kí ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀gún ni ó mú ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ wú. Ara ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó mú un wú, ó sì ní ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ti lé ní 1,900 ọdún tí òǹkọ̀wé ará Róòmù kan tí a ń pè ní Celsus ti kọ àmì mẹ́rin yìí sílẹ̀: pípọ́n, wíwú, gbígbóná àti ìrora. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi ojú rí ohun tí ó wà lẹ́yìn wọn. Ní ọdún 1867, dókítà ará Jámánì kan, Julius Cohnheim, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ara ọ̀pọ̀lọ́ tí ó wà láàyè. Ó rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń yọ́ jáde gba ara ògiri náà lọ sí ibi tí ara ti bàjẹ́. Ní ọdún 1882, ní ìlú Messina ní orílẹ̀-èdè Ítálì, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà kan, Élie Metchnikoff, fi ẹ̀gún òdòdó gún ọmọ ẹja-ìràwọ̀ kan tí ara rẹ̀ mọ́ gaara bí omi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń rìn ti yí ẹ̀gún náà ká. Ní ọdún 1908, òun àti Paul Ehrlich jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ wọn lórí bí ara ṣe ń dáàbò bo ara rẹ̀.

Ẹ̀gún tí Metchnikoff lò kò yàtọ̀ sí ẹ̀gún tí ó wà ní ẹsẹ̀ ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù ni pé: ta ni ó sọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì náà pé kí wọ́n wá?

Àwọn ọmọ-ogun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀

Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kékeré tí a fi kọ́ ara wa, bí bíríkì ṣe jẹ́ fún ilé. Ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó nǹkan bí lítà 5, ó sì lè yí gbogbo ara ká láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 1. Àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, iṣẹ́ tiwọn sì ni láti gbé afẹ́fẹ́ tí a fà símú káàkiri. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ni ọmọ-ogun. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí pínnì lọ, ìwọ̀n 1 mm³, a máa ń rí nǹkan bí 4,000 sí 11,000 wọn lára àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le.

Oríṣiríṣi ni wọ́n. Àwọn tí ó pọ̀ jù, tí wọ́n sì ń kọ́kọ́ dé ojú ogun, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní neutrophil. Inú mùdùnmúdùn egungun ni a ti ń ṣe wọ́n, nǹkan bí bílíọ̀nù 100 lójúmọ́ lára àgbàlagbà. Ẹ̀mí wọn kì í gùn. Láàárín wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń kú, tí àwọn mìíràn sì ń rọ́pò wọn.

Ohun ìjà wọn mú púpọ̀. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lè ba ara tiwa náà jẹ́. Nítorí náà, a kò lè jẹ́ kí wọ́n máa jáde níbi tí ó bá wù wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ń sáré gbé wọn kọjá gbogbo ẹ̀yà ara, ògiri iṣan sì wà láàárín àwọn àti ìyókù ara. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ojú egbò gan-an ni wọn yóò ti jáde, ní àkókò tí ó yẹ, kí wọ́n sì dáwọ́ dúró nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ohun tí ara fi ń ṣètò èyí ni àrokò.

Àrokò tí a fi kẹ́míkà dì

Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn baba wa ṣe ń fi àrokò ránṣẹ́. Ọba kan lè di owó ẹyọ, ìyẹ́ àti okùn papọ̀, kí ó fi rán ẹnìkan sí ọba mìíràn. Ẹni tí ó gbé e lè má mọ ìtumọ̀ rẹ̀, àwọn tí ó pàdé lọ́nà lè rí i kí wọ́n má mọ ohun tí ó wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé ọwọ́ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, onítọ̀hún yóò ka ọ̀rọ̀ náà láìsí ìwé.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni nínú ara. Sẹ́ẹ̀lì kan tú kẹ́míkà jáde. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì kọjá lára rẹ̀ láìmọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí ó ní ohun tí a fi ń kà á lára mọ̀ pé òun ni a ń pè. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni ìpè náà ní.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ọdẹ àdúgbò figbe ta. Lábẹ́ awọ wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn dà bí ti ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Nígbà tí kòkòrò bá bá ẹ̀gún wọlé, wọn yóò mọ̀ ọ́n ní àjèjì, wọn yóò sì tú kẹ́míkà jáde. Ọ̀kan nínú wọn ni hísítámíìnì, èyí tí ó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, kí omi inú rẹ̀ sì máa jò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tí ó rọ́ wá ni ó mú ojú ibẹ̀ pọ́n, tí ó sì mú un gbóná. Omi tí ó jò ni ó mú un wú. Àwọn kẹ́míkà mìíràn ń ta iṣan ìmọ̀lára jí, ìrora sì dé. Ìrora yìí pàápàá ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe: òun ni kò jẹ́ kí ọmọ fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ògiri iṣan na ọwọ́. Kí ìpè tó dé, inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ń dán, sẹ́ẹ̀lì kò sì lè tètè lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ògiri àwọn iṣan tín-ín-rín tí ó wà nítòsí egbò bá gba àrokò láti ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ, yóò na ohun kan tí ó dà bí ọwọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni sẹlẹ́kítíìnì. Díẹ̀ nínú àwọn ọwọ́ yìí ti wà nípamọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń yọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Àwọn mìíràn, ògiri náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe wọ́n ni, ó sì ń gba wákàtí díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ọmọ-ogun ń yí gbirigbiri. Ọwọ́ wọ̀nyí kò le. Wọ́n ń di ọmọ-ogun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé lọ mú, wọ́n sì ń tú u sílẹ̀, bí koríko èèmọ́ ṣe ń fa aṣọ ẹni tí ń ti oko bọ̀. Nítorí náà, ọmọ-ogun náà kò lè sáré mọ́. Ó ń yí gbirigbiri lórí ògiri, ó sì ń ráyè yẹ ojú ibẹ̀ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ó ka àrokò, ó dúró. Lórí ògiri kan náà ni a lẹ àwọn àrokò tí a ń pè ní kẹmókáìnì mọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má baà gbé wọn lọ. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni interleukin-8, tí àwọn olùwádìí dá mọ̀ ní ọdún 1987. Bí ọmọ-ogun náà bá ti fara kàn án, àwọn ìkọ́ tí ó ká sí ara rẹ̀ yóò ṣí lójú ẹsẹ̀, yóò sì fi wọ́n kọ́ ògiri. Íntẹ́gírìnì ni orúkọ àwọn ìkọ́ náà. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó, kò ní lè gbé e lọ mọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ó yọ́ jáde. Ọmọ-ogun náà yóò rákò lórí ògiri títí yóò fi rí ibi tí sẹ́ẹ̀lì méjì ti pàdé. Yóò na ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, yóò sì gba àárín wọn kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ògiri náà kò ya. Lẹ́yìn tí ó bá ti kọjá, àlàfo náà yóò padé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ó tẹ̀lé òórùn. Bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń tẹ̀lé òórùn àkàrà títí yóò fi dé ìdí agbada, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ-ogun ń ti ibi tí kẹ́míkà ti fẹ́lẹ́ lọ sí ibi tí ó ti le jù. Kòkòrò pàápàá ń tú ara rẹ̀ fó, nítorí pé àwọn bakitéríà ń tú ohun kan jáde tí sẹ́ẹ̀lì wa mọ̀ pé kì í ṣe tiwa. Nígbà tí ọmọ-ogun bá bá wọn, yóò gbé wọn mì, yóò sì pa wọ́n.

Lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn tí ara wọn tóbi jù yóò dé. Wọn yóò gbé òkú àwọn tí ó ti jà mì, wọn yóò tún ojú ibẹ̀ ṣe, wọn yóò sì fi àrokò mìíràn ránṣẹ́ pé ogun ti parí. Ọyún tí ẹ ń rí lójú egbò kò ju òkú ọmọ-ogun, òkú kòkòrò àti ara tí ó bàjẹ́ lọ. Àmì ni pé a jà níbẹ̀.

Nígbà tí àrokò bá dákẹ́

Ẹ̀gbọ́n àìsàn ni kí ogun dé, kí a má gbọ́ ìpè. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa èyí.

Èkíní ni àbímọ́. Àìsàn kan wà tí ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀, nǹkan bí ọmọ 1 nínú ọmọ 1,000,000, níbi tí ìkọ́ tí a sọ ní ìgbésẹ̀ kẹrin kò ti sí tàbí tí kò ṣiṣẹ́. Bí òbí méjì tí wọ́n jẹ́ AS ṣe lè bí ọmọ SS, bẹ́ẹ̀ ni òbí méjì tí ara wọn le lè jọ fi àìsàn yìí lé ọmọ lọ́wọ́. Bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò, ọmọ-ogun kún inú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé wọn kò rí ọ̀nà jáde. Egbò rẹ̀ kì í yọ ọyún, kì í sì í tètè jinná. Ìwọ́ rẹ̀ sì máa ń pẹ́ kí ó tó já, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun wà lára ohun tí ń já ìwọ́ ọmọ. Láàárín ọjọ́ 5 sí 15 ni ìwọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ń já. Bí ti ọmọ yín bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má ṣe bẹ̀rù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ fún dókítà kí ó wò ó.

Èkejì ni àtọ̀gbẹ. Nígbà tí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ-ogun kì í lè rìn dáadáa, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í tó ní ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí egbò kékeré lẹ́sẹ̀ alátọ̀gbẹ fi ń di ńlá láìsí ìrora púpọ̀. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ̀kẹta ni oògùn tí a ń fi ọwọ́ ara wa rà. Prednisolone àti dexamethasone wà nínú ẹbí oògùn kan tí a ń pè ní sítẹ́rọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ wọn gan-an ni láti pa àrokò yìí lẹ́nu mọ́. Dókítà ń lò wọ́n fún ikọ́ fée, fún àwọn àìsàn awọ kan, àti nígbà tí ara bá ń bá ara rẹ̀ jà. Nígbà náà, wọ́n lè gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n bí a bá lò ó sí egbò tí kòkòrò wà nínú rẹ̀, wíwú yóò rọlẹ̀, ìrora yóò fúyẹ́, a ó sì rò pé ara ti yá, nígbà tí ó jẹ́ pé ọmọ-ogun ni kò lè jáde, tí kòkòrò sì ń bí sí i. Irú oògùn yìí wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tí a fi ń bóra pẹ̀lú. Ẹ má ṣe rà wọ́n láìsí ìwé dókítà. Bákan náà, ẹni tí dókítà ti fún kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀, nítorí pé ewu wà nínú ìyẹn náà.

Nígbà tí àrokò bá kọjá àyè rẹ̀

Ojú egbò nìkan ni ó yẹ kí ìpè náà ti dún. Bí kòkòrò bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ tí ó sì tàn káàkiri, ìpè lè dún ní gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo iṣan yóò fẹ̀, omi yóò máa jò níbi gbogbo, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní tó fún kíndìnrín, ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ. Èyí ni a ń pè ní sẹ́písíìsì. Ó lè pa àgbàlagbà, ó sì yá láti pa ọmọ tuntun. Kì í ṣe ohun tí a ń fi àgbo tàbí oògùn ìgboro tọ́jú. Ilé ìwòsàn nìkan ni ibi tí a ń gbé e lọ, wákàtí kọ̀ọ̀kan sì ṣe pàtàkì.

Ọ̀rọ̀ kan nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wa

Lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, ohun kan wà tí a ń pè ní Duffy, tí ó lè gbá kẹmókáìnì mú. Àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wa ni kò ní i lára sẹ́ẹ̀lì pupa wa. Ní ọdún 1976, Louis Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé Duffy yìí ni ilẹ̀kùn tí irú kòkòrò ibà kan, Plasmodium vivax, ń gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí irú ibà náà fi ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Irú ibà kejì, falciparum, kò nílò ilẹ̀kùn yìí, nítorí náà àpò ẹ̀fọn ṣì ṣe pàtàkì.

Ogún kan náà ni ó ń mú kí iye neutrophil tí a ń rí nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nínú wa kéré sí iye tí a kọ sínú ìwé àwọn aláwọ̀ funfun, láìsí àìsàn kankan. Bí ara yín bá le, tí ìwé àyẹ̀wò sì sọ pé ọmọ-ogun yín kéré díẹ̀, ẹ má ṣe sáré lọ ra oògùn. Ẹ bi dókítà bóyá bí a ṣe dá yín nìyẹn.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe nílé

Fún egbò àti ọgbẹ́:
– Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fi kan egbò.
– Ẹ fi omi mímọ́ tí ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú rẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ bò ó.
– Ẹ gbé ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ tí ó wú sókè, kí ẹ jẹ́ kí ó sinmi.
– Bí ó bá jẹ́ ìṣó, ẹ̀gún tàbí ohun ìdọ̀tí ni ó gún ènìyàn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn láti bèèrè nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì.
– Ẹ má ṣe da kẹrosíìnì, iyọ̀, eérú tàbí omi gbígbóná sí i. Wọ́n ń pa sẹ́ẹ̀lì tí ó wá jà fún yín.

Fún eéwo:
– Ẹ rì aṣọ mímọ́ sínú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ sì gbé e lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́. Ìlọ́wọ́ọ́rọ́ náà ń mú kí ẹ̀jẹ̀ wá síbẹ̀ sí i.
– Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi abẹ là á. Àwọn ọmọ-ogun ti mọ odi yí kòkòrò ká. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lè wó odi náà, kí ó sì ti kòkòrò sínú ẹ̀jẹ̀. Eyí tí ó bá wà ní imú tàbí ètè òkè léwu jù.

Fún ìwọ́ ọmọ tuntun:
– Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ó mọ́, kí ẹ sì ká ìtẹ̀dí ọmọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.
– Bí nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí bá fún yín ní oògùn chlorhexidine, ẹ lò ó bí ó ṣe sọ. Ojú ìwọ́ nìkan ni ó wà fún. Bí ó bá kan ẹyinjú ọmọ, ó lè fọ́ ọ lójú.
– Ẹ má ṣe fi ìgbẹ́ màlúù, ọṣẹ ìfọyín, epo tàbí ewé gbígbóná sí i.

Ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí

– Pípọ́n tí ń tàn kúrò lójú egbò, tàbí ìlà pupa tí ń gòkè lọ lára apá tàbí ẹsẹ̀.
– Ibà pẹ̀lú gbígbọ̀n, ìrònú tí ó dàrú, èémí tí ń yára, tàbí ìtọ̀ tí ó dínkù púpọ̀.
– Egbò tí kò jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí egbòkégbò lẹ́sẹ̀ alátọ̀gbẹ.
– Ọmọ tí ó máa ń ní egbò léraléra tí kò yọ ọyún rárá.
– Lára ọmọ tuntun: kí ó kọ ọmú, kí ara rẹ̀ gbóná jù tàbí kí ó tutù jù, kí ó máa mí ju ìgbà 60 lọ ní ìṣẹ́jú 1, kí ó rọ jọ̀wọ̀lọ̀, kí gìrì mú un, tàbí kí ìdodo rẹ̀ pọ́n tàbí kí ó máa rùn. Ẹ má ṣe dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ìparí

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìyá tí ẹ̀gún gún ọmọ rẹ̀. Ní báyìí, ó mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Yóò fi ọṣẹ àti omi fọ ẹsẹ̀ náà, yóò gbé e sókè lórí ìrọ̀rí, yóò sì mú ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì bí kò bá tíì pé. Yóò fi ojú sí i bóyá pípọ́n náà ń tàn tàbí ó ń fà sẹ́yìn. Kò ní jó o, kò ní tẹ̀ ẹ́, kò sì ní ra oògùn tí yóò pa ìpè ara ọmọ rẹ̀ lẹ́nu mọ́.

Wíwú àti gbígbóná ojú egbò kì í ṣe ọ̀tá, ìpè ni. Iṣẹ́ wa ni láti jẹ́ kí ojú ibẹ̀ mọ́ kí ìpè náà lè ṣiṣẹ́, kí a sì mọ ìgbà tí ó ti kọjá agbára ilé. Ìlera loògùn ọrọ̀.

Ìbéèrè fún àtúnyẹ̀wò

1. Dárúkọ àmì mẹ́rin tí a ń rí lójú egbò, kí o sì sọ ohun tí ó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan.
2. Kí ni ìdí tí a fi ń lẹ àrokò mọ́ ògiri iṣan dípò kí ó máa bá ẹ̀jẹ̀ ṣàn lọ?
3. Báwo ni ó ṣe lè jẹ́ pé ọmọ-ogun pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan, síbẹ̀ tí egbò rẹ̀ kò jinná?
4. Ṣàlàyé fún aládùúgbò rẹ ìdí tí kò fi yẹ kí a tẹ eéwo.
5. Sọ àmì ewu márùn-ún lára ọmọ tuntun tí ó yẹ kí a torí rẹ̀ sáré lọ sí ilé ìwòsàn.